Ọmọ Tí Kò Pé Oṣù àti Omi Ọmú Ìyá Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí ọmọ tí wọ́n bí kí oṣù rẹ̀ tó pé. Gbogbo wa la mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀: awọ ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, igbe rẹ̀ kò le, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tóbi ju àtàǹpàkò àgbà lọ. Bí wọ́n bá gbé e wọlé, ẹnì kan á wò ó, á mi orí, á ní, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, èyí kò ní dúró." Kí á tó gbà pé kò ní dúró, ẹ jẹ́ kí n pa ìtàn kan fún yín. Kì í ṣe àlọ́ o, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Paris, ó kọjá sí Amẹ́ríkà, ó gba Kòlóńbíà àti Bùràsíìlì, ó sì dé Ilé-Ifẹ̀ tí kò jìnnà sí wa. Ìtàn bí ayé ṣe kọ́ ọ̀nà láti bọ́ ọmọ kékeré ni. Ẹ ó rí i pé àwọn onímọ̀ fi ìyá sílẹ̀ nígbà púpọ̀, wọ́n lọ wá ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí wọ́n bá rìn títí, ọ̀dọ̀ ìyá náà ni wọ́n ń padà sí.

Ọmọ wo là ń pè bẹ́ẹ̀?

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 40 ni ọmọ ń lò nínú ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá bí i kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 37, oṣù rẹ̀ kò pé nìyẹn. Ẹ má rò pé àwa nìkan ni irú èyí ń bá. Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní OMS, ní lọ́dún 2020 nìkan, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bí káàkiri ayé tó mílíọ̀nù 13 àti ààbọ̀, ó dín díẹ̀. Ìyẹn ni pé nínú ọmọ mẹ́wàá, ó ń lọ sí ẹyọ kan.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọmọ oṣù méje a máa yè, pé ti oṣù mẹ́jọ ni kì í yè. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́ pàápàá kọ ọ́ sínú ìwé wọn, ní ohun tó lé ní ẹgbàá ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́. Bí ọmọ bá ṣe pẹ́ tó nínú ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ ń gbó sí i. Ọmọ oṣù mẹ́jọ lágbára ju ọmọ oṣù méje lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni torí oṣù mẹ́jọ pa ọmọ yín tì.

Ohun mẹ́ta ló ń dààmú irú ọmọ yìí. Òtútù ń tètè mú un nítorí pé ọ̀rá ara rẹ̀ kò pọ̀. Àrùn ń tètè wọ ara rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni oúnjẹ. Kí ọmọ tó lè mu ọmú, ó gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń fà, bí a ṣe ń gbé mì, àti bí a ṣe ń mí láàárín méjèèjì. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 34 ni ọmọ tó ń mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ dáadáa. Ọmọ tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà náà, ebi lè máa pa á, kó sì má lágbára láti fa ọmú. Orí oúnjẹ yìí ni ìtàn wa dá lé jù.

Àpótí tó ń sàba bí adìẹ

Nílẹ̀ Faransé, ní nǹkan bí ọdún 1880, dókítà kan wà tó ń jẹ́ Stéphane Tarnier. Ilé ìgbẹ̀bí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Maternité, ní Paris, ló ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn obìnrin tí kò lówó lọ́wọ́ ló pọ̀ níbẹ̀, òtútù ilẹ̀ wọn sì ń pa àwọn ọmọ kékeré. Lọ́jọ́ kan, Tarnier lọ síbi tí wọ́n ń kó ẹranko sí fún àwọn èèyàn láti wò. Ó rí àpótí gbígbóná kan tí wọ́n ń fi pa ẹyin adìẹ. Àpótí náà ń ṣe iṣẹ́ àgbébọ̀ adìẹ tó ń sàba. Ó ní kí ẹni tó ṣe é bá òun ṣe irú rẹ̀ fún ọmọ èèyàn. Ibẹ̀ ni ohun tí a ń pè ní couveuse ní mátáníté wa ti bẹ̀rẹ̀. Omi gbígbóná ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ooru omi náà ló ń mú ara ọmọ yá.

Ẹ gbọ́ èrè rẹ̀. Kí àpótí yìí tó dé, nínú ọmọ 100 tí kò wọn tó kílò méjì ní ilé ìwòsàn náà, 66 ló ń kú. Lẹ́yìn tí ó dé, ó wá sí 38. Ooru lásán ló ṣe ìyẹn o. Kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná tí kò jẹun, ebi ni yóò pa á. Tarnier wá mú ọ̀pá rọ́bà rírọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ń kì í bọ ẹnu ọmọ lọ sí ikùn rẹ̀, ó ń da omi ọmú sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá wọ mátáníté lónìí tí ẹ rí ọmọ tí wọ́n ki sonde sí nímú tàbí lẹ́nu, ẹ má bẹ̀rù. Kì í ṣe àmì pé ọmọ ń kú lọ. Ọ̀nà oúnjẹ ni, ọ̀nà náà sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Budin rántí ìyá

Ẹni tó tẹ̀lé ẹsẹ̀ Tarnier ni Pierre Budin. Lọ́dún 1900, ó tẹ ìwé kan tí ó pè ní Le Nourrisson. Inú ìwé náà ló ti to àwọn ìṣòro mẹ́ta tí mo kà fún yín lẹ́ẹ̀kan: òtútù, oúnjẹ, àti àrùn. Ohun tí Budin rí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò kà sí ni èyí: bí wọ́n bá gbé ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ sínú àpótí, tí ìyá kò rí i, omi ọmú ìyá náà ń gbẹ, ọkàn rẹ̀ sì ń kúrò lára ọmọ. Ẹ gba ọmọ là, ẹ sọ ìyá rẹ̀ nù. Tí ọmọ bá padà délé, ta ni yóò fún un lọ́mú? Nítorí náà, ó ní kí àwọn ìyá máa wá, kí wọ́n máa rí ọmọ wọn, kí wọ́n sì máa fún un lọ́mú.

Budin yìí náà ló dá ọjọ́ kan sílẹ̀ lọ́dún 1892 ní Paris tí àwọn ìyá ń gbé ọmọ wá kí wọ́n lè wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì gba ìmọ̀ràn lórí oúnjẹ rẹ̀. Ìwọ̀n ọmọ tí ẹ ń tò sí ní centre de santé lónìí, tí ẹ máa ń ráhùn pé ó ń pẹ́, ọmọ ọmọ iṣẹ́ Budin ni.

Ọmọ tí wọ́n ń san owó wò

Àpótí náà kọjá òkun lọ sí Amẹ́ríkà, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yóò ya ẹ̀yin oníṣòwò lẹ́nu. Àwọn ilé ìwòsàn ibẹ̀ kò fẹ́ náwó lórí ọmọ tí wọ́n rò pé kò ní yè. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Martin Couney gbé àpótí tirẹ̀ lọ síbi ìgbafẹ́ ní Coney Island, létí òkun New York. Ó kó àwọn ọmọ tí kò pé oṣù sínú rẹ̀, ó ń gba sẹ́ǹtì 25 lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọlé wò wọ́n. Láti 1903 títí di 1943 ló fi ṣe é. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àwọn òbí. Owó àwọn oníwòran ló fi ń san owó àwọn nọ́ọ̀sì, òun náà ló fi ń san owó àwọn obìnrin tó ń fún àwọn ọmọ náà lọ́mú. Ọmọ tirẹ̀ gan-an, Hildegarde, kò pé oṣù nígbà tí wọ́n bí i.

Ó burú láti fi ọmọ ṣe ìran, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nídìí rẹ̀. Couney mọ̀ pé àpótí nìkan kò tó. Omi ọmú èèyàn ni wọ́n ń fún àwọn ọmọ náà.

Ìgbà tí wọ́n fi ebi tọ́jú ọmọ

Láàárín ọdún 1940 sí 1960 ni àwọn onímọ̀ ṣìnà. Ìbẹ̀rù ló fà á. Wọ́n rí i pé oúnjẹ lè ṣi ọ̀nà, kó bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ kékeré. Wọ́n wá ní kí á má fún un ní nǹkan kan rárá fún ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, nígbà mìíràn ọjọ́ mẹ́ta. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà ń lọ sílẹ̀, ojú wọn ń pọ́n bí ẹni tí ibà pọ́njú mú, ọpọlọ àwọn mìíràn sì ń bàjẹ́. Ọdún 1964 ni dókítà obìnrin méjì ní ìlú Oxford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Victoria Smallpeice àti Pamela Davies, kọ ọ́ jáde pé àwọn ti ń fún ọmọ tó wọn kílò kan sí méjì ní omi ọmú láìpẹ́ lẹ́yìn ìbí, láìbu omi là á, ó sì ń ṣe wọ́n lóore. Láti ìgbà náà ni àṣà ebi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Àṣìṣe kejì ni ti wàrà màlúù. Lọ́dún 1947, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà wọn àwọn ọmọ kékeré, wọ́n rí i pé èyí tó ń mu wàrà màlúù tí wọ́n tún ṣe ń tètè sanra ju èyí tó ń mu omi ọmú lọ. Wọ́n yọ̀. Wọ́n ní ohun tó ń mú ọmọ wọn púpọ̀ lórí ìwọ̀n náà ló dára jù. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, agolo wọlé, ọmú jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà mọ̀ pé ìwọ̀n kọ́ ni gbogbo ọjà. Àgbàdo tí omi wà nínú rẹ̀ a máa wọ̀n ju èyí tó gbẹ lọ, ta ló máa rà á tọ́jú?

Omi ọmú mọ ọmọ tó ń bọ́

Ọdún 1978 ni ohun ìyanu jáde láti ìlú Toronto ní Kánádà. Stephanie Atkinson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú omi ọmú àwọn ìyá tí oṣù ọmọ wọn pé, wọ́n mú ti àwọn tí oṣù ọmọ wọn kò pé, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà! Omi ọmú ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò pé oṣù ní protéine ju ti èkejì lọ, bẹ́ẹ̀ protéine ni ohun tí a fi ń kọ́ ara. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ìyá: ara ìyá kò dúró de dókítà kí ó tó mọ irú oúnjẹ tí yóò sè.

Lọ́dún 1990 ni ìwádìí mìíràn jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọwọ́ Alan Lucas àti T. J. Cole. Ọmọ 926 tí kò pé oṣù ni wọ́n tẹ̀ lé. Àrùn búburú kan wà tó ń pa ìfun irú ọmọ yìí: ikùn á wú, ọmọ á bì, ẹ̀jẹ̀ á wà nínú ìgbẹ́, apá kan ìfun á sì kú. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tó ń mu wàrà agolo nìkan ń kó àrùn yìí ní ìlọ́po mẹ́fà sí mẹ́wàá ju àwọn tó ń mu omi ọmú nìkan lọ. Ìwọ̀n tí wọ́n ń yọ̀ sí lọ́dún 1947 kò sọ èyí fún wọn.

Mi ò sọ pé májèlé ni wàrà agolo. Bí ìyá bá kú, tàbí tí omi ọmú kò sí rárá, dókítà lè ní kí ẹ fún ọmọ ní irú èyí tí wọ́n ṣe fún ọmọ kékeré, ẹ sì tẹ̀ lé e bó ṣe wí. Bákan náà, ọmọ tó kéré gan-an, tí kò tó kílò kan ààbọ̀, omi ọmú nìkan lè má tó fún egungun rẹ̀; ilé ìwòsàn lè fi àfikún sí i, wọ́n sì lè fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ àti fítámì. Ilé ìwòsàn ló ń pinnu ìyẹn. Kì í ṣe ẹni tó ń ta agolo lọ́jà.

Bogotá: níbi tí àpótí kò ti tó

Ọdún 1978 yìí kan náà, ní Bogotá, olú ìlú Kòlóńbíà, dókítà Edgar Rey Sanabria wà nínú wàhálà tí àwa náà mọ̀. Àpótí kò tó. Ọmọ méjì, mẹ́ta, ń sùn nínú ẹyọ kan, wọ́n ń kó àrùn ran ara wọn, àwọn ìyá mìíràn sì ń fi ọmọ sílẹ̀ lọ. Ó rò ó, ó ní: bí àpótí kò bá sí, àyà ìyá ńkọ́? Ẹranko kan wà ní Australia tó ń jẹ́ kangaroo, tó ń bí ọmọ rẹ̀ ní kékeré gan-an, tó sì ń gbé e sínú àpò tó wà ní ikùn rẹ̀, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń mu ọmú títí yóò fi gbó. Rey àti Héctor Martínez, tó wá bá a lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ń gbé ọmọ ní ìhòòhò sí àárín ọmú ìyá rẹ̀, ara kan ara, wọ́n ń fi aṣọ dì í mọ́ ọn. Omi ọmú ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ara ọmọ bá ti yá, wọ́n á jẹ́ kí ìyá máa gbé e lọ sílé bẹ́ẹ̀, kó sì máa padà wá fún àyẹ̀wò.

Àwọn kan ní ilẹ̀ olówó ní ìtọ́jú tálákà ni. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà. Èyí tó yí wọn lọ́kàn padà ṣẹlẹ̀ nítòsí wa. Láàárín 2017 sí 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìwádìí ní orílẹ̀-èdè márùn-ún: Gánà, Íńdíà, Màláwì, Tànsáníà àti Nàìjíríà. Ti Nàìjíríà, Ilé-Ifẹ̀ ni. Ọmọ 3,211 ni, tí wọ́n wọn láti kílò kan títí dé ohun tí kò tó kílò kan àti gíráàmù 800. Wọ́n gbé apá kan sí àyà ìyá wọn kété tí wọ́n bí wọn, láìdúró kí ara wọn kọ́kọ́ balẹ̀. Ìkejì, wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú wọn nínú àpótí bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó gbé wọn fún ìyá. Kí oṣù kan tó pé, nínú 100 àwọn ti ìṣáájú, 12 ló kú. Nínú 100 àwọn ti ìkejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16. Ìyàtọ̀ náà hàn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n dá ìwádìí dúró kí àkókò rẹ̀ tó pé, nítorí kò tọ́ mọ́ kí wọ́n máa fi oore náà du ìdajì àwọn ọmọ. Lọ́dún 2022, Àjọ náà kéde fún gbogbo ayé pé àyà ìyá ni kí ọmọ tí kò pé oṣù wà kété tí wọ́n bí i, fún wákàtí 8 sí 24 lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin ọmọ Kétu, ẹ̀yin ọmọ Ṣábẹ, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, ta ló máa kọ́ wa ní ọ̀já? Ẹ̀yìn la ń pọn ọmọ sí. Ọmọ tí kò pé oṣù, iwájú ni ẹ̀yìn tirẹ̀ títí yóò fi gbó.

Bùràsíìlì àti ìgò ọmú

Àwọn tí orúkọ bàbá wọn ń jẹ́ da Silva tàbí Paraïso ní Àjàṣẹ́ mọ̀ pé Bùràsíìlì kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì sí wa. Ilẹ̀ yìí ló kọ́ ayé bí a ṣe ń kó omi ọmú jọ fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò ní. Ọdún 1943 ni wọ́n ti dá ilé ìpamọ́ omi ọmú àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Rio. Ní 1985, João Aprígio Guerra de Almeida tún un ṣe. Dípò ìgò olówó ńlá láti òkè òkun, ìgò onígíláàsì tí wọ́n ti lò rí, irú èyí tí wọ́n ń ta kọfí sínú rẹ̀, ni wọ́n fọ̀ tí wọ́n sè, tí wọ́n ń lò. Ní ìlú púpọ̀, àwọn panápaná ló ń lọ gbà á láti ilé dé ilé. Ilé ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ ti lé ní 200 níbẹ̀ lónìí.

Ẹ ṣọ́ra níbí o. Kì í ṣe pé kí ẹ ní kí aládùúgbò fún ọmọ yín lọ́mú. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fún wọn wò, wọ́n sì ń mú omi ọmú náà gbóná dé ìwọ̀n 62.5 fún ìṣẹ́jú 30 kí àrùn inú rẹ̀ kú. HIV wà láyé. Ìyá tó sì ní HIV, tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, kó bá nọ́ọ̀sì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kó má ṣe dá ọmọ dúró lọ́mú nítorí ẹ̀rù tàbí nítorí ohun tí aládùúgbò sọ.

Ṣúgà tí ọmọ kì í jẹ, àti ewé tó ń ṣe é

Apá tó kù nínú ìtàn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ ni. Ní nǹkan bí ọdún 1900, àwọn dókítà kan rí i pé kòkòrò tó wà nínú ìgbẹ́ ọmọ tó ń mu ọmú yàtọ̀ sí ti ọmọ tó ń mu wàrà màlúù. Kòkòrò rere ni, wọ́n ń ṣọ́ ìfun. Kí ló ń pè wọ́n wá? Ó tó ọdún 1950 kí Paul György àti Richard Kuhn tó rí i pé àwọn ṣúgà kan nínú omi ọmú ni. Ìyanu ibẹ̀ ni pé ọmọ fúnra rẹ̀ kò lè lo ṣúgà wọ̀nyí. Ìyá ń ṣe wọ́n, ọmọ ń gbé wọn mì, wọ́n kọjá lọ bọ́ àwọn kòkòrò rere. Ọmọ nìkan kọ́ ni ìyá ń bọ́. Ó ń bọ́ àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé pẹ̀lú. Irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ lé ní 100 nínú omi ọmú èèyàn. Èyí tó wà nínú ti màlúù kéré jọjọ.

Ní 2024, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Berkeley àti Davis ní California kọ ọ́ jáde pé àwọn ti mú kí ewé kan ṣe púpọ̀ nínú àwọn ṣúgà yìí. Ewé náà jẹ́ ẹbí tábà, Australia ni ilẹ̀ rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Nínú gbogbo ohun alààyè ni àṣẹ kéékèèké wà tó ń sọ fún ara pé kí ó ṣe báyìí, kí ó ṣe báyẹn. Àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n ní jíìnì. Ó dà bí ìlànà tí alásè fi ń se ọbẹ̀. Ewé mọ bí a ṣe ń fi oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ se ṣúgà láti ọjọ́ tó ti wà. Wọ́n wá fún un ní ìlànà tuntun, ó sì fi ṣúgà tó ti ní tẹ́lẹ̀ se irú tí ń bẹ nínú ọmú. Ìrètí wọn ni pé lọ́jọ́ kan, a ó lè fi ohun ọ̀gbìn ran ọmọ tí kò rí omi ọmú lọ́wọ́ ní owó pọ́ọ́kú.

Ìrètí ni, kò tíì di oúnjẹ ọmọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ èyí kó lọ já ewé, kó lọ̀ ọ́, kó fún ọmọ mu. Ewé tábà máa ń pa ọmọ. Àgbo pẹ̀lú kò yẹ ọmọ tí kò pé oṣù, bẹ́ẹ̀ ni omi lásán àti omi ẹ̀kọ. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń fi gbogbo ẹ̀rọ inú yàrá wọn lé, tí wọ́n mú díẹ̀ nínú rẹ̀, ó ti wà ní àyà yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí ni kí á ṣe?

Kí ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmú jáde láàárín wákàtí díẹ̀ sí ìgbà tó bímọ, kó má dúró kí ọmọ tó mọ ọmú fà. Ẹ máa fún un nígbà mẹ́jọ ó kéré tán láàárín ọ̀sán àti òru, sínú ife tó mọ́, pẹ̀lú ọwọ́ tí ẹ fi ọṣẹ fọ̀. Èyí àkọ́kọ́ tó pupa rúsúrúsú, ẹ má dà á nù. Bí ó jẹ́ ẹ̀kán mélòó kan péré, ó tó ohun tí ikùn ọmọ náà gbà. Bí kò bá lè fa ọmú, wọ́n á fi sonde tàbí ife kékeré fún un. Omi ọmú tí ẹ fún jáde kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ níta, ní ibi tútù.

Kí ọmọ wà ní àyà, pẹ̀lú fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti ìlédìí nìkan lára rẹ̀, kí ẹ fi ọ̀já dì í. Bàbá lè gbé e. Ìyá àgbà náà lè gbé e.

Bí ọmọ bá kọ̀ láti jẹun, tí ara rẹ̀ tutù tàbí tó gbóná jù, tí ikùn rẹ̀ wú, tó ń bì omi àwọ̀ ewé, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tó ń mí gúlegúle tàbí tí mímí rẹ̀ ń dá dúró, ẹ má retí ilẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e wá lórí àyà, kì í ṣe lọ́wọ́ lásán.

Mo sì ń bẹ ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọlọ́jà. Ìyá tó ń gbé ọmọ sí àyà fún wákàtí púpọ̀ lójúmọ́ kò lè jókòó nídìí ọjà. Tómátì rẹ̀ ń bàjẹ́, èsúsú rẹ̀ ń bọ̀, àwọn tó jẹ ẹ́ lówó kò sì ní wá sílé wá san án. Ìdí tí àwọn kan fi ń gbé ọmọ sílẹ̀ kó tó gbó nìyẹn. Ẹ bá a tajà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èsúsú rẹ̀ sún síwájú. Ẹ gbé ọbẹ̀ lọ fún un kó lè jẹun, nítorí inú oúnjẹ rẹ̀ ni oúnjẹ ọmọ ti ń wá. Tarnier ní àpótí, Rey ní àyà ìyá, Guerra de Almeida ní ìgò kọfí. Ohun tí àwa ní ni pé a kì í dá tọ́ ọmọ. Ẹni tó bá sì tún wo ọmọ kékeré nílé yín tó ní "Kò ní dúró," ẹ ní kó kọ́kọ́ tọ́wọ́ bọ omi àti ọṣẹ, kó wá bá yín gbé e sí àyà.

Ọlọ́run á dá àwọn ọmọ wa sí. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.